Oògùn ara ríro àti ẹ̀jẹ̀ ríru: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kídìnrín

Ẹ tú ọ̀rá oògùn ìyá tàbí bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wò. Káàdì lisinopril tàbí losartan á wà níbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ á wà níbẹ̀, bíi hydrochlorothiazide tàbí Moduretic. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ ó ti rí diclofenac tàbí ibuprofen tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì fún orúnkún tó ń dùn wọ́n. Dókítà ló kọ méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò kọ ẹ̀kẹta. Ojú kan náà nínú kídìnrín ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, ẹ̀kẹta yìí ló sì lè ba iṣẹ́ méjì tó kù jẹ́, kó tún ṣe kídìnrín fúnra rẹ̀ léṣe.

Asẹ́ ni kídìnrín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní asẹ́ wẹ́wẹ́ tó tó bíi mílíọ̀nù kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà kan ló ń gba inú méjèèjì kọjá, ìyẹn bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ọkàn ń tú jáde. Bí ọjọ́ kan bá fi máa pé, omi tí asẹ́ wọ̀nyí ti sẹ́ á ti tó 180 lítà. Kídìnrín á fa èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, á wá ku nǹkan bíi lítà kan sí méjì tí a ó tọ̀ dànù.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé bí omi ò bá tó, tí ọwọ́ ò sì tẹ̀ ẹ́, èèrí á kàn dúró lórí aṣọ asẹ́ ni, kò ní sí ohun tó ń jọ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kídìnrín. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára tó fi ń ti omi gba ojú asẹ́. Iṣan tíńtín kan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé sídìí asẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣan mìíràn ló ń gbé e jáde. Bí ẹnu àbáwọlé bá là dáadáa, tí ẹnu àbájáde sì fún díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á há sáàárín, omi á sì gba ojú asẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Bí àbáwọlé bá fún, tí àbájáde wá ṣí gbàgà, ẹ̀jẹ̀ á kàn yọ̀ kọjá lọ láìsí agbára, asẹ́ ò sì ní ṣiṣẹ́.

Prostaglandin ló ń di àbáwọlé mú kó má pa dé. Angiotensin ló ń fún àbájáde mọ́ra. Orí àwọn méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé.

Prostaglandin jọ họ́mọ̀nù, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Họ́mọ̀nù bíi insulin máa ń kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì lọ jíṣẹ́ níbi tó jìnnà. Ojú ibi tí wọ́n bá ti nílò prostaglandin gan-an ni ara ti ń ṣe é, láti ara ọ̀rá tó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì. Á jíṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí, kò sì ní pẹ́ tí á fi tú ká. Ara kì í tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Ìgbà tó bá fẹ́ lò ó ló ń ṣe é. Ulf von Euler, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́dún 1935, nítorí ó rò pé ẹṣẹ́ prostate tó wà lára ọkùnrin ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ara kì í ti í ṣe é, àmọ́ orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Angiotensin ní tirẹ̀ jẹ mọ́ renin, tí Robert Tigerstedt àti Per Bergman rí nínú kídìnrín ehoro ní Stockholm lọ́dún 1898. Bí kídìnrín bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé ti dín kù, tàbí pé iyọ̀ ò tó, á tú renin jáde. Renin á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa yọrí sí angiotensin, angiotensin á sì fún iṣan ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, á jẹ́ kí ara mú iyọ̀ àti omi dání. Ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan, á gòkè. Ohun tó dára ni fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tẹ́lẹ̀, iná tí a da epo sí ni.

Kí wá ni diclofenac ń ṣe níbẹ̀? Lọ́dún 1971, John Vane fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ńṣe ni aspirin ń dá ṣíṣe prostaglandin dúró. Irinṣẹ́ tí ara fi ń ṣe é, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní COX, ni aspirin ń dí lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún lọ́dún 1982, òun pẹ̀lú Sune Bergström àti Bengt Samuelsson. Ibuprofen, diclofenac, naproxen, piroxicam, meloxicam, indomethacin, ketoprofen, celecoxib: gbogbo wọn, COX ni wọ́n ń dí. Prostaglandin ló ń mú kí ojú ọgbẹ́ wú, kó gbóná, kó sì máa ro. Bí kò bá sí i mọ́, ìrora á rọlẹ̀. Àmọ́ oògùn tí a gbé mì kò mọ èyí tó wà ní orúnkún yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú kídìnrín. Ó ń lé ìrora lọ, ó sì ń tú ọwọ́ tó di ilẹ̀kùn mú.

Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tára rẹ̀ le, tó sì ń mu omi dáadáa, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò prostaglandin kí kídìnrín rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ là fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi lè lo ibuprofen fún ọjọ́ méjì mẹ́ta nígbà tí eyín bá ń dùn wọ́n, tí ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Nǹkan máa ń yí padà bọ́jọ́ orí bá ń gòkè, bí ọkàn bá rẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́, bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá ti gbẹ omi ara, tàbí bí kídìnrín fúnra rẹ̀ bá ti ń kọ iṣẹ́. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, prostaglandin nìkan ni kídìnrín fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ti ń lò ó láti ogún ọdún, tí kò ṣe òun ní nǹkan, òótọ́ ló ń sọ nípa ara tó ní nígbà yẹn. Kì í ṣe ara tó ní báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ ríru ná, kí a tó padà sórí kídìnrín. Prostaglandin wà lára ohun tó ń ran kídìnrín lọ́wọ́ láti da iyọ̀ dànù sínú ìtọ̀. Bí kò bá sí i, iyọ̀ á dúró, omi á sì tẹ̀ lé iyọ̀. Ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú nídìí ọrùn ẹsẹ̀, bàtà tó ti ń wọlé dáadáa á máa fún, ara á sì fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìfúnpá náà á gòkè, ní ìwọ̀n bíi 5 lórí òṣùwọ̀n. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ òun ló ń gbé ẹni tó wà ní 137 lọ sí 142. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń dín agbára lisinopril, losartan àti oògùn ìtọ̀ kù. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ní nǹkan.

Bí dókítà ò bá mọ̀ pé diclofenac wà nínú ọ̀rá, ohun tó máa rí ni pé oògùn méjì ò ká ẹ̀jẹ̀ ríru yìí. Á fi ẹ̀kẹta kún un, bóyá á tún fi ẹ̀kẹrin kún un. Owó ń lọ, ìfúnpá ò wálẹ̀, ohun tó ń fà á sì jẹ́ káàdì kan tí kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni láti dárúkọ. Ká gbé gbogbo ohun tí à ń lò wá, títí kan èyí tí a rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú bọ́ọ̀sì, ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì níwájú dókítà: ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, ó sì lè ṣe ju oògùn tuntun lọ.

Ó wá ku bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń pàdé. Oògùn ìtọ̀ dín omi ara kù, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹnu àbáwọlé ti dín. Lisinopril tàbí losartan ti ṣí àbájáde sílẹ̀, nítorí wọn ò jẹ́ kí angiotensin fún un mọ́. Títí dé ibí yìí, kídìnrín ṣì lè fara dà á, prostaglandin ṣáà ń la àbáwọlé sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni ibuprofen á dé, á sì pa á dé. Omi ò tó, àbáwọlé fún, àbájáde ṣí. Asẹ́ dúró. Àwọn olùwádìí kan wo àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 487,000 tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Lára àwọn tó pa oògùn mẹ́ta yìí pọ̀, kí kídìnrín ṣàdédé kọ iṣẹ́ fi 31 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́pọ̀ ju ti àwọn tí kò fi oògùn ara ríro kún tiwọn lọ. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, ó fi 82 nínú ọgọ́rùn-ún ju tiwọn lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Pòtásíọ̀mù, irú iyọ̀ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, náà ń bẹ níbẹ̀. Prostaglandin wà lára ohun tó ń rán kídìnrín létí kó tú renin jáde, renin ló sì ń bá wa débi tí ara ti ń da pòtásíọ̀mù dànù. Bí ibuprofen bá dí ìyẹn, tí lisinopril náà ń dí i látọ̀dọ̀ tirẹ̀, pòtásíọ̀mù á gun orí ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ọkàn lè máa lù ségesège, ó sì lè dákẹ́. Moduretic ní amiloride nínú, tí òun náà ń mú pòtásíọ̀mù dání, nítorí náà kí ẹni tó ń lò ó pẹ̀lú lisinopril má fi èyí ṣeré rárá.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá lọ da lisinopril rẹ̀ nù. Àwọn oògùn tó ń dá angiotensin dúró wà lára ohun tó dára jù lọ tí a ní láti fi gba kídìnrín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí AASK ní Amẹ́ríkà, tó kó àwọn aláwọ̀ dúdú 1,094 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kídìnrín wọn jẹ́ jọ, rí i pé ramipril, tó jẹ́ ìdílé kan náà pẹ̀lú lisinopril, dín bí kídìnrín ṣe ń bàjẹ́ kù ju amlodipine lọ. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí irú oògùn yìí tún kan Vane kan náà. Sérgio Ferreira, ọmọ Brazil, ti rí i pé oró ejò jararaca ń mú kí bradykinin, ohun mìíràn tó jọ họ́mọ̀nù nínú ara, lágbára sí i. Ó gbé e dé ilé ìwádìí Vane ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ó ń dí ohun tó ń ṣe angiotensin lọ́wọ́. Láti orí ìyẹn ni wọ́n ti ṣe captopril, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1981. Bradykinin tó ń pọ̀ sí i yìí náà ló ń fa ikọ́ gbígbẹ tí lisinopril ń fún àwọn kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó fi losartan rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ètè tàbí ahọ́n ló wú, èyí tó wọ́pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju funfun lọ, ẹ má ṣe lò ó mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. Lọ́dún 2010 ni wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀yà jíìnì APOL1 méjì kan, G1 àti G2, ń mú kí kídìnrín tètè bàjẹ́. Wọ́n gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, nítorí wọ́n ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn èèyàn tó lé ní 8,000 wò ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2024, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ló jogún rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ṣàìsàn kídìnrín láé. Àmọ́ ẹni tó ti ní ìnira látìbí, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tún wá kún un, kò yẹ ká tún fi oògùn ara ríro ojoojúmọ́ lé e.

Bí a bá débi rírà, orúkọ tó wà lẹ́yìn páálí ni ká kà, kì í ṣe ti iwájú. Orúkọ iwájú lè jẹ́ ohunkóhun. Lẹ́yìn, lábẹ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ni ẹ ó ti rí i pé paracetamol wà níbẹ̀ pẹ̀lú diclofenac tàbí aceclofenac tàbí ibuprofen nínú hóró kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ló ń lo irú èyí pẹ̀lú ibuprofen mìíràn, tí wọ́n rò pé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ ò yàtọ̀: diclofenac 75 mg tí wọ́n gún sí ìdí á dé kídìnrín bí èyí tí a gbé mì. Alábùkún tí gbogbo ilé mọ̀, aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìdílé yìí kan náà ni. Aspirin kékeré, 75 mg lóòjọ́, tí dókítà kọ nítorí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ dí prostaglandin kídìnrín, ẹ má ṣe fúnra yín dá a dúró. Ẹ ṣọ́ra fún àgúnmu tàbí hóró tí wọ́n ní ewé nìkan ló wà nínú rẹ̀ àmọ́ tó ń lé ìrora orúnkún lọ láàárín wákàtí kan. Lọ́dún 2022, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa Artri King, tí wọ́n ń tà bí ohun àfikún oúnjẹ, pé diclofenac àti dexamethasone wà nínú rẹ̀ láìkọ ọ́ sára páálí.

Kí wá ni ẹni tí orúnkún ń dùn máa lò? Bí orúnkún tàbí ọwọ́ bá ni, jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí a fi ń pa á lára sàn ju hóró lọ dáadáa. Èyí tó ń dénú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí hóró ń gbé wọlé. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ béèrè kó tó lò ó lójoojúmọ́. Aṣọ gbígbóná, kí ara fúyẹ́ sí i, àti kí iṣan itan le kí orúnkún má dá gbé ẹrù, gbogbo ìyẹn ń ṣiṣẹ́. Paracetamol kì í pa ẹnu àbáwọlé dé bíi ti àwọn tó kù, òun ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ ń fún ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu. Kó má ju hóró 500 mg mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, kó sì dín sí ìyẹn fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó ń mutí, tàbí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò dá. Òun náà kò mọ́ pátápátá: ìwádìí kan ní Edinburgh, tó jáde lọ́dún 2022, fún àwọn 110 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní gíráàmù mẹ́rin lóòjọ́, ìfúnpá wọn sì fi bíi 5 gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ti ọjọ́ kan méjì kì í ṣe nǹkan. Ti oṣooṣù ló ń fẹ́ ìṣọ́ra.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ra ibuprofen tàbí diclofenac bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 20. Kídìnrín ọmọ inú náà nílò prostaglandin, ìtọ̀ ọmọ ló sì pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká. Bí kídìnrín ọmọ bá kọ iṣẹ́, omi yẹn á gbẹ. FDA kìlọ̀ èyí ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru, èébì tàbí ibà líle bá mú ẹni tó ń lo lisinopril tàbí losartan àti oògùn ìtọ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ibuprofen lé ibà yẹn rárá. Kó pe dókítà tàbí apòògùn, nítorí wọ́n sábà máa ń ní kó dá àwọn oògùn yẹn dúró díẹ̀ títí tí yóò fi jẹun, tí yóò sì mu omi dáadáa fún wákàtí 24 sí 48, lẹ́yìn náà ni yóò padà sídìí wọn. Ibi pípadà yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ara á yá, oògùn á sì wà nínú ọ̀rá títí oṣù kejì.

Àwọn tó ń ṣe oògùn ń wá bí wọ́n á ṣe dí àwọn ohun mìíràn tó ń jíṣẹ́ nínú ara bíi angiotensin lọ́wọ́ báyìí. Endothelin, tí àwọn ará Japan rí lọ́dún 1988, wà lára ohun tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ jù lọ nínú ara. Lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí aprocitentan tó ń dí i, fún ẹni tí oògùn mìíràn ò ká ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó lè ba ọmọ inú jẹ́, ó sì ń mú ẹsẹ̀ wú. Kí a tó ka ẹnìkan mọ́ àwọn tí oògùn ò ká, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń lo oògùn ara ríro.

Ìwé àyẹ̀wò ló ń sọ ibi tí nǹkan dé. Kídìnrín kì í dunni bó bá ń bàjẹ́, ìtọ̀ sì lè máa jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀. Creatinine nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tó yẹ kí kídìnrín máa sẹ́ dànù, pòtásíọ̀mù, àti albumin, ìyẹn purotéènì ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó jò sínú ìtọ̀, ni ká ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Láti ara creatinine ni wọ́n ti ń ṣírò eGFR, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kídìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó: bó bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kídìnrín ti wọlé, oògùn ara ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́ ò sì yẹ; bó bá wà lábẹ́ 30, kò yẹ rárá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lisinopril tàbí losartan gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Creatinine lè fi díẹ̀ gòkè. Bó bá ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ohun àkọ́kọ́ tí a ó wá ni bóyá omi ara ti gbẹ tàbí bóyá ibuprofen wà níbì kan.

Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìlà tí yàrá àyẹ̀wò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan. Ìyá tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí creatinine rẹ̀ jẹ́ 0.6 lọ́dún tó kọjá, tó wá di 1.2 báyìí, ìwé lè má fi àmì kankan síwájú rẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ kídìnrín rẹ̀ ti já sí ìdajì. Ìwé àtijọ́ la fi ń mọ̀, nítorí náà ẹ tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oògùn ara ríro ló fà á, tí a sì tètè dá a dúró, creatinine sábà máa ń padà wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìtọ̀.